Etí ọmọ ajá mi wọ́lẹ̀: àgbéyẹ̀wò ilé ìwòsàn ẹranko tí mo gbé e lọ ní Tanke

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ajá kékeré nílé ní Ìlọrin, tí etí rẹ̀ ti dúró tẹ́lẹ̀ tó wá ń wọ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó náwó. Èmi ti ná tèmi síbi tí kò yẹ.

Chihuahua ni Tanímọ̀la. Bàbá mi ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ní ajá gbọ́dọ̀ lórúkọ tó ní ìtumọ̀. Irú ajá yìí kéré gan-an, èyí tó dàgbà tán nínú wọn kì í sábà wúwo ju kílò mẹ́ta lọ, etí ńlá tó nà sókè bíi ti àdán sì ni ẹwà wọn. Nígbà tí mo gbé e wálé, etí òsì ti dìde, ọ̀tún ṣì ń tẹ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, méjèèjì ti dúró ṣánṣán. Ó wá kù díẹ̀ kó pé oṣù márùn-ún, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé etí ọ̀tún ti rọ bí ewé kókò tí oòrùn pa. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, òsì náà tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Gaa-Akanbi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé, "Àǹtí, ta ló na ajá yín?" Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára púpọ̀.

Ẹni tó tà á fún mi ni mo kọ́kọ́ pè. Kò tiẹ̀ wo ajá náà, ó ní kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun le, ló dín lára rẹ̀. Ó ta ike oògùn olómi kan fún mi ní 6,500 náírà, ó ní kí n máa fún un ní ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́, kí n sì fi pílásítà so etí méjèèjì pọ̀ sókè. Mo ṣe é fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìgbẹ́ ajá le bí òkúta. Nígbà tí mo ṣí pílásítà, irun bá a lọ, awọ abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n. Ajá tó máa ń sáré pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọwọ́ mi. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ etí lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń sin ajá ní Ọ̀fà ló ní kí n yéé fi owó ra àròsọ, kí n gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kẹ̀kẹ́ méjì ni mo wọ̀ dé Tipper Garage ní Tanke, mo sì fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ dé ilé ìwòsàn náà.

Ohun tí n kò fẹ́ràn níbẹ̀ ni màá kọ́kọ́ sọ. Mo dúró fún wákàtí méjì kó tó kàn mí. Ìyẹn kò burú jù. Èyí tó burú ni pé abẹ́ ìbòrí kan náà ni gbogbo wa jókòó sí, ajá tó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àti èyí tó ń bì. Àrùn parvo máa ń pa ọmọ ajá, ó sì máa ń dúró pẹ́ sórí ilẹ̀ tí ajá aláìsàn bá ti yàgbẹ́ sí. Tanímọ̀la kò tíì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Inú aṣọ mi ni mo gbé e sí, n kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. Mo sọ fún wọn kí n tó kúrò, mo sì tún ń sọ ọ́ níbí: ẹ ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀.

Àmọ́ dókítà wọn! Obìnrin ni, wọ́n sì fara balẹ̀. Mo ní etí ló ń ṣe ajá mi, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ là. Wọ́n ní, "Ẹ wo ibí yìí." Ẹran ìdí eyín ti pọ́n, eyín iwájú méjì ti jábọ́, eyín tuntun sì ti ń yọ níbòmíì. Ìgbà náà ni mo rántí ohun funfun kékeré kan bíi hóró ìrẹsì tí mo gbá lórí ẹní lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Eyín ni! Wọ́n ní eyín ọmọ ajá jẹ́ 28, ti àgbà sì jẹ́ 42, pé láàárín oṣù mẹ́rin sí oṣù méje ni ó ń pààrọ̀ wọn. Àsìkò yẹn gan-an ni etí tó ti dúró máa ń wọ́lẹ̀ lára irú àwọn ajá báyìí. Eegun líle kò sí nínú ewé etí ajá, eegun rírọ̀ àti iṣan kéékèèké ìdí rẹ̀ ló gbé e dúró, wọn kò sì tíì gbó. Ọ̀kan lè dìde lónìí kí èkejì tẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ipò lọ́la.

Wọn ò dúró lórí ìyẹn nìkan, ohun tó sì jẹ́ kí n gbà wọ́n gbọ́ nìyẹn. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré oníná wo inú etí méjèèjì, wọ́n mú díẹ̀ nínú èérí rẹ̀ lọ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Kò sí. Wọ́n tẹ ìdí etí, ajá kò ké. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ó ń gbọn orí ṣáá ni, tàbí ó ń fi ẹsẹ̀ họ etí, tàbí etí ń rùn, tàbí ohun dúdú bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí ń jáde níbẹ̀, tàbí ewé etí wú rọ̀bọ̀tọ̀ torí ẹ̀jẹ̀ tó dá síbẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, a kì í fi irú rẹ̀ sùn nílé. Ẹ máa wo ihò etí fún eegbọn náà. Ẹ má sì ki igi olówùú bọ inú etí ajá, èérí ló máa tì wọlé.

Nígbà tí mo gbé ike kálísíọ́ọ̀mù jáde nínú báàgì, ojú wọn yí padà. Wọ́n ní oúnjẹ ọmọ ajá inú àpò tí mò ń fún un ti ní èyí tó tó, pé ara ọmọ ajá kò mọ bí a ṣe ń kọ àpọ̀jù rẹ̀ bíi ti àgbà, ó sì lè ba eegun tó ń dàgbà jẹ́. Wọ́n ní kí n má fi pílásítà ṣe é mọ́. Wọ́n sọ òótọ́ kan tí ẹni tó tà á kò sọ fún mi: àwọn Chihuahua kan wà tí etí wọn kò ní dúró láé nítorí ìran tí wọ́n ti wá, kò sì ní pa wọ́n lára.

Owó káàdì àti rírí dókítà jẹ́ 5,000 náírà, àyẹ̀wò etí 3,000, ìpara fún awọ tó pọ́n 2,500. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ sínú rìsíìtì.

Màmá mi ní Òkè-Àpómù kì í jẹ́ kí ajá kan aṣọ ìrun wọn, síbẹ̀ kò sí alẹ́ tí wọn kì í pè mí pé, "Etí Tanímọ̀la ńkọ́?" Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òsì tó dìde. Ọ̀tún ń dìde láàárọ̀, ó ń rọ̀ lálẹ́ tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà àti ọjọ́ díẹ̀, ó dúró, kò sì tẹ̀ mọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ti abẹ́ ìbòrí yẹn ni n kò ṣe fún wọn ní gbogbo rẹ̀. A ṣì ń bá wọn lọ. Nígbà tá a padà lọ, wọ́n rí i pé eyín ṣóńṣó ọmọdé kan lókè kò jábọ́, ti àgbà sì ti yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó wọ́pọ̀ lára àwọn ajá kékeré, pé oúnjẹ á máa há sí àárín méjèèjì, ó sì lè jẹ́ kí eyín àgbà yọ wọ́. Tí kò bá jábọ́ kó tó pé oṣù méje, wọ́n máa kùn ún lóorun, wọ́n á yọ ọ́. Mo ti ní kí wọ́n sọ iye tí yóò jẹ́ fún mi ṣáájú. Wọn kò tíì pè mí padà.