Ẹ ṣọ́ra o, ẹja odò ni wọ́n ń tà bí ẹja òkun l'Ádó

Ẹ̀yin ará Adó-Èkìtì tẹ́ ẹ ń sin ẹja òkun nínú ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Bọ̀ọ̀dá kan ń gbé fọ́tò ẹja sórí WhatsApp, ó ní Yellow Tang ni, ẹja òkun aláwọ̀ yẹ́lò, pé Èkó lòun ti kó o wá, kẹ́ ẹ sáà ti fowó ránṣẹ́. Irọ́ ni! Yellow lab ni, ẹja Adágún Malawi, omi tí ò níyọ̀ ni wọ́n ti ń bí i, owó ẹ̀ ò sì sún mọ́ ti Tang rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi kan l'Ókè-Ìlá ló rà á pé kó máa bá clownfish (ẹja òkun kékeré) méjì tí wọ́n ní ṣeré. Kí n tó débẹ̀ wọ́n ti dà á sínú táńkì, ẹja yẹn ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí iyanrìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo wo ìyẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ mo rí ìlà dúdú tó gba òkè ẹ̀ kọjá, àmì Yellow lab nìyẹn. Mo ní omi tó ṣẹ́kù nínú nylon tí bọ̀ọ̀dá yẹn fi gbé e wá dà, mo fi hydrometer, irinṣẹ́ tó ń fi bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú omi hàn, wọ̀n ọ́n, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò tiẹ̀ mira, omi lásán! Ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi kú, torí omi iyọ̀ ń fa omi ara ẹ̀ jáde ni, ikú oró gbáà. Wọ́n pe bọ̀ọ̀dá yẹn, ó ní omi wọn ni ò dáa, ló bá búlọ́ọ̀kù wọn.

Tang gidi fẹ̀ pẹlẹbẹ bí àwo, ẹnu ẹ̀ yọ ṣóńṣó, ó sì ní ẹ̀gún funfun nídìí ìrù lọ́tùn-ún lósì. Ẹ má gba fọ́tò o, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣe fídíò ibi tí ẹja yẹn ti ń jẹun nínú táńkì tiẹ̀, kó ki hydrometer bọ omi yẹn kẹ́ ẹ rí i, ó yẹ kó wà ní nǹkan bí 1.020 sí 1.026. Tó bá ní omi iyọ̀ á máa mọ́ ẹja yẹn lára díẹ̀díẹ̀, ẹ sá fún un. Tang nílò táńkì ńlá, bíi gálọ̀nù 100, bọ̀ọ̀dá yìí ò sì béèrè bí táńkì ṣe tóbi tó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù.

Tó bá tiẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ẹ fi sínú táńkì ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, torí àrùn tó máa ń yọ tótòtó funfun bí iyọ̀ lára ẹja, ó lè ran gbogbo ẹja yòókù.

Ẹni tó bá ti sanwó fún un, ẹ má pa chat yẹn rẹ́, ẹ mú rìsíìtì, ẹ pe báǹkì yín lónìí.