Doug Watkins: elégbè tó gbé Saxophone Colossus dúró

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí báàsì, ohun èlò olókùn ńlá tó ń dún nísàlẹ̀, ń ṣe nínú orin jáàsì, ẹ wá orin tó kẹ́yìn nínú àwo Saxophone Colossus ti Sonny Rollins, Blue 7 lorúkọ rẹ̀. Doug Watkins tó ń ta báàsì nìkan lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Kò tíì sí fèrè, kò tíì sí dùùrù. Ìka rẹ̀ kàn ń rìn lórí okùn ni, ohùn kan ń tẹ̀ lé òmíràn, kò kánjú, kò dárà. Kí Sonny Rollins tó gbé sasofóònù rẹ̀ sẹ́nu, orí mi ti máa ń mì.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1956 ni wọ́n gba àwo náà sílẹ̀, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Rudy Van Gelder ní Hackensack, New Jersey. Max Roach ló ń lùlù, Tommy Flanagan ló wà nídìí dùùrù. Ọmọ ọdún 22 ni Watkins nígbà náà. Gbogbo ayé ló ń ki Rollins fún iṣẹ́ yìí, wọ́n á tún ki Roach, ó sì tọ́ sí wọn. Àmọ́ tó bá kan Watkins, wọ́n á dárúkọ rẹ̀ tán, wọ́n á kọjá lọ. Ìyẹn ló ń dùn mí, torí pé ẹ yọ báàsì yẹn kúrò, kí ẹ wá wo ohun tó kù.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni bó ṣe ń jẹ́ kí ohùn kọ̀ọ̀kan dún tẹ́rùn. Ọ̀pọ̀ ló ń ta báàsì tí ohùn á ti kú kí òmíràn tó dé. Ti Watkins nípọn, ó wálẹ̀, á sì máa dún títí tí èyí tó kàn á fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ St. Thomas nínú àwo kan náà. Kalípísò, orin àwọn ará Caribbean, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, báàsì ń fò, ó ń sinmi. Lẹ́yìn tí Roach bá ti dá ìlù lù tán, nǹkan yí padà: Watkins bọ́ sí ìrìn mẹ́rin-mẹ́rin tààrà, ohùn kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Rollins sì gùn ún lọ. Kò sẹ́ni tó pariwo pé a ti yà sí ọ̀nà mìíràn o. Ẹsẹ̀ yín ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ìlú Detroit ló ti wá. Cass Technical High School lòun, Paul Chambers àti Donald Byrd jọ lọ. Báàsì ni Chambers náà ń ta, Byrd ń fọn kàkàkí. Chambers ló lókìkí ju Watkins lọ, nítorí ó bá Miles Davis, gbajúmọ̀ afọnkàkàkí, ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ tí mo bá ń wá ẹni tí yóò gbé orin dúró láì gbé ara rẹ̀ síwájú, Watkins ni màá pè.

Ó wà nínú ẹgbẹ́ olórin Jazz Messengers àkọ́kọ́ pẹ̀lú Art Blakey onílù àti Horace Silver tó ń tẹ dùùrù. Nígbà tí Silver kúrò níbẹ̀, Watkins bá a ṣiṣẹ́ lọ, òun ló sì ta báàsì nínú orin Silver tí wọ́n ń pè ní Señor Blues lọ́dún 1956. Nínú àwo Candy ti Lee Morgan afọnkàkàkí, fèrè kan ṣoṣo, ti Morgan, ló wà níwájú, nítorí náà kò ṣòro láti tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rí tó tóbi jù lójú mi ni àwo Oh Yeah ti Charles Mingus, tí wọ́n ṣe lóṣù Kọkànlá ọdún 1961. Mingus fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó mọ báàsì í ta jù láyé. Lọ́jọ́ yẹn, ìdí dùùrù ló jókòó sí, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kọrin, ó ń ké. Ta ló wá gbé báàsì lé lọ́wọ́? Watkins ni. Ariwo àwo yẹn kò kéré, Roland Kirk ń fọn fèrè kíkankíkan, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ kò yẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1962, ìjàmbá ọkọ̀ pa á ní Arizona. Ọmọ ọdún 27 ni.

Àwo méjì péré ló jáde lórúkọ òun fúnra rẹ̀. Watkins at Large dára. Kenny Burrell ń ta gìtá níbẹ̀, Byrd àti Hank Mobley onísasofóònù wà pẹ̀lú wọn. Soulnik, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1960, ni kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí lára. Cello, tó kéré ju báàsì lọ tí ohùn rẹ̀ sì ga jù ú lọ, ni Watkins ta níbẹ̀, Herman Wright ló mú báàsì. Yusef Lateef afọnfèrè ṣe bẹbẹ, orin náà ò sì burú, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ tó nípọn yẹn ni mo máa ń bá Watkins lọ, kò sì sí níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu fóònù gbọ́ ọ. Ẹnu fóònù kì í lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Ìró ìka lẹ máa gbọ́, ẹ ò ní gbọ́ báàsì. Ẹ fi èyí tó dáa sétí, ẹ gbọ́ orin náà lódindi, lẹ́yìn náà kí ẹ tún un gbọ́, kí ẹ máa tẹ̀ lé báàsì nìkan. Tí ẹ bá fẹ́ rà, Saxophone Colossus ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí Candy tẹ̀ lé e, kí ẹ tó lọ bá Oh Yeah. Soulnik lè dúró títí ẹ ó fi gbọ́ àwọn yòókù tán.