AC inverter tí mo rà: yúnìtì 7 lóru ọjọ́ kan ṣoṣo

Ẹ jẹ́ n tètè kọ èyí kí inú mi tó rọ̀. Lóru ọjọ́ Ajé, kí n tó sùn ní agogo mẹ́wàá, mo yọjú wo mítà: 44.2. Agogo mẹ́fà àárọ̀ tí mo jí, 36.9 ló kù. Kò sí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ju fíríìjì àti AC tuntun tí ọmọ tó tà á fún mi ti búra lé lórí pé, "Dádì, inverter ni, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó ń jẹ iná." Mo mọ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí yúnìtì kan ti kọjá 200 náírà fún àwa Báǹdì A, àwa tí wọ́n ń fún ní iná jù lọ, ta ni ò ní mọ̀?

Mo pe ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù níwà, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní "Ẹ má bínú sà" lẹ́ẹ̀mẹfà, mo kà á, àmọ́ ohun tó mọ̀ ò ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rán ẹnì kan wá. Ẹni yìí ò tíì bọ́ bàtà tán tó fi ní gáàsì ti lọ sílẹ̀, kí n mú 25,000 náírà wá. AC ọ̀sẹ̀ méjì! Gáàsì kì í ṣe epo mọ́tò tó ń jó tán, inú páìpù ló ń yí po sí. Bí kò bá jò, kò níbi tó ń lọ. Mo bi í pé níbo ló ti ń jò, ó ní òun ò tíì wò ó. Mo ṣí géètì fún un.

Ìgbà tí mo ní màá dá ẹrù wọn padà ni wọ́n tó rán ọ̀dọ́kùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò fọwọ́ kan AC. Ó tọrọ kọ́ìlì ẹ̀fọn lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó ṣáná sí i, ó ní ká pa fáànù, ó wá gbé e sún mọ́ ìsàlẹ̀ wíńdò lúfà wa. Èéfín tó ń lọ sókè tààrà ṣẹ́rí, ó gba àárín gíláàsì méjì jáde bí ẹni pé wọ́n ń fà á láti ìta. Ó gbé e sí abẹ́ ilẹ̀kùn, bákan náà. Ó wò mí, ó ní, "Dádì, àdúgbò lẹ tan AC fún." Ojú tì mí, ẹ̀rín sì tún ń pa mí.

Ó mú rìmóòtù: 16 ló wà. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló ní kí n fi síbẹ̀ kó lè tètè tutù. Irọ́ gbáà! Inverter máa ń rọra ṣiṣẹ́ bí yàrá bá ti tutù dé iye tí a ní kó dé. Yàrá onílúfà nínú ooru oṣù kẹta n'Ìbàdàn ò lè dé 16 láéláé, ló bá ń sá eré àsápajúdé títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó gbé e sí 26, ó ní ká tan fáànù mọ́ ọn. Nígbà tó jáde, ó rí i pé àwọn tó wá so ó ti há ẹ̀yà tòde sáàárín ògiri méjì, tó ń fa ooru ara ẹ̀ padà. Ó tú u, ó tún un so síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Odidi wákàtí mẹ́ta. Omi tútù àti búrẹ́dì ló gbà lọ́wọ́ wa.

Mo fi náílọ́ọ̀nù bo lúfà, a ká ìró àtijọ́ sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi ní, "26 kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ sè wá ni?" Agogo mẹ́ta òru, òun ló ń wá aṣọ ìbora. Ilẹ̀ mọ́, yúnìtì 2.6, fíríìjì wà nínú ẹ̀. Mo padà lọ wo mítà lẹ́ẹ̀mejì.

AC yìí ò láfiwé báyìí, n ò lè tà á fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún ṣọ́ọ̀bù wọn. Ihò tí wọ́n lu sára ògiri fún páìpù, wọn ò tíì dí i títí di òní, ọmọbìnrin yẹn ṣì ń ní kí n má bínú. Ọmọńlé méjì gba ibẹ̀ wọlé láàárọ̀ yìí.