Tábìlì Káàdì Ọjọ́bọ̀: Oṣù Mẹ́sàn-án Tí Mo Ti Ń Yàwòrán Ránṣẹ́ sí Àwọn Ẹlẹ́wọ̀n Òṣèlú

N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù yìí, n kò sì ní júwe ojúlé rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní ọkọ, ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n lẹ́wọ̀n ní ìlú tí wọ́n ti sá wá, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ ipasẹ̀ wọn dé gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó bá mi sọ̀rọ̀, màá mú un dání.

Ìwé àti ọ̀dà ni wọ́n ń tà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó bá kẹ́yìn oṣù, tó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n á gbé tábìlì gígùn kan sáàárín, ènìyàn mẹ́wàá tàbí méjìlá á sì jókòó yí i ká. Pọ́n-ùn mẹ́fà ni à ń san. Owó yẹn ti kó káàdì méjì, ọ̀dà olómi, tíì àti sítáǹpù. Ẹ ó ya àwòrán sí ojú kan, ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀yìn, wọ́n á sì bá yín fi ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé nítorí ohun tó sọ, ohun tó kọ tàbí ohun tó yà.

Káàdì wọn dára. Ó nípọn, gíráàmù 300 ní mítà onígun mẹ́rin kan, ó máa ń mu omi láìkákò. Èyí tí mo rà fúnra mi lọ́jà tẹ́lẹ̀, bí omi bá ti kàn án, ńṣe ló máa ń ká bí ewé tí oòrùn pa. Àga wọn le, búrọ́ọ̀ṣì wọn sì ti gbó, orí wọn ti fẹ́ bí ìgbálẹ̀. Ẹ mú tiyín dání.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí káàdì mi àkọ́kọ́. Aládìrẹ ni ìyá tó bí bàbá mi, nísàlẹ̀ Mápò n'Íbàdàn. Ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kó tó rẹ ẹ́ sínú èlú. Ìbàdàndùn ló mọ̀ ọ́n kọ jù: òpó gbọ̀ngàn Mápò, ṣíbí, òpó, ṣíbí, títí aṣọ á fi kún. Mo ṣì ní ọ̀kan nínú aṣọ rẹ̀. Ó ti ya létí, nítorí náà mo gé ibi tó ya, ó tó ìwọ̀n àtàǹpàkò mi, mo sì fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan wà ní òdìkejì tábìlì, ọmọ iléèwé gíga ni. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lẹ̀ ẹ́. Wọn ò ní jẹ́ kó wọlé." Mo ní, "Àbúrò mi, aṣọ lásán mà ni." Mo lẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, káàdì náà padà wá. Wọ́n ti fà aṣọ náà ya kúrò. Gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ nìkan ló kù, onígun mẹ́rin, pẹ̀lú fọ́nrán òwú búlúù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó há sínú rẹ̀. Kò sí àlàyé kankan. Mo fi ìka pa á, ó le bí èékánná. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Aṣọ ìyá àgbà mi ni, ẹni tí mo gé e nítorí rẹ̀ kò sì rí i. Láti ìgbà náà, ọ̀dà ni mo fi ń ya òpó àti ṣíbí mi.

Ohun tí mo sì fi ń yin oníṣọ́ọ̀bù nìyí: ó mọ òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n bí àgbẹ̀ ṣe mọ ààlà oko. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ohun tó ń dán, kò sí lọ́fínńdà, kò sí ètè tí a kùn tí a wá tẹ̀ mọ́ káàdì. Tó bá jẹ́ Rọ́ṣíà, èdè Rọ́ṣíà ni kí a fi kọ ọ̀rọ̀, nítorí pé ẹnìkan ń kà á kó tó dé ọwọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti ọdún tí wọ́n bí i gbọ́dọ̀ wà níta àpò ìwé, a sì máa ń fi ìwé òfìfo sínú kó lè rí nǹkan fi fèsì. Ìyá kan wà tó ń bá wa túmọ̀. Ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ wa lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ ọ́. A kì í mẹ́nu ba ogun, a kì í mẹ́nu ba ẹjọ́. A máa ń fi nọ́ńbà sí ẹ̀yìn káàdì kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ bí ọ̀kan bá sọnù lọ́nà.

Ti Pennsylvania l'Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Ibẹ̀ ni Mumia Abu-Jamal wà, akọ̀ròyìn aláwọ̀ dúdú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú. Láti 2018, lẹ́tà kì í lọ tààrà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n wọn mọ́. Ilé-iṣẹ́ kan ní Florida ló ń gbà á, wọ́n á ya ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀dà yẹn ni wọ́n á fún ẹlẹ́wọ̀n. Nítorí náà ni oníṣọ́ọ̀bù ṣe gbé ẹ̀rọ aṣàdàkọ kan sí ẹ̀yìn ilé. Káàdì tó bá ń lọ sí Pennsylvania gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Bàbá ará Jàmáíkà kan tó jókòó tì mí fi wákàtí kan gbáko ya òdòdó aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Nígbà tí ẹ̀dà rẹ̀ jáde, ìwé funfun ni. Ó wò ó títí, ó mú báírò dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òpó tèmi jáde kedere, nítorí búlúù tó dúdú bí èlú ni mo pò.

Wọ́n gbé fọ́tò Sasha Skochilenko kọ́ ara ògiri. Ayàwòrán ni, ará St. Petersburg. Ní 2022, ó yọ ìwé iye owó ọjà nínú súpámákẹ́ẹ̀tì kan, ó fi ìwé tó sọ nípa ogun Ukraine rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni wọ́n dá fún un ní oṣù kọkànlá 2023. Ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 2024 ló jáde, nígbà tí Rọ́ṣíà àti àwọn ìjọba mìíràn pààrọ̀ ẹlẹ́wọ̀n. N kò sọ pé káàdì ló tú u sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀gá ẹ̀wọ̀n tó bá ń gba káàdì lójoojúmọ́ mọ̀ pé ojú ń wo òun.

Iṣẹ́ yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Clemente Padín àti Jorge Caraballo, ará Uruguay, iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń fi póòsì ránṣẹ́ wà lára ohun tó mú kí ìjọba ológun tì wọ́n mọ́lé ní 1977; àwọn ayàwòrán láti ilẹ̀ mìíràn sì fi póòsì kan náà pariwo lé ìjọba lórí. Ai Weiwei, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n tì mọ́lé fún ọjọ́ 81 ní Ṣáínà ní 2011, ṣe àfihàn kan lórí erékùṣù Alcatraz l'Amẹ́ríkà, tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀, láti 2014 wọ 2015. Àwọn tó wá wò ó jókòó, wọ́n kọ káàdì tó lé ní 90,000 sí àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ẹyẹ àti ewéko ilẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n kọ̀ọ̀kan ló sì wà lójú káàdì.

Àwa ọmọ Nàìjíríà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Abacha ju àwọn akọ̀ròyìn sẹ́wọ̀n ní 1995, tí Kúnlé Àjíbádé wà ní Mákúrdí títí di 1998, bàbá mi máa ń ka orúkọ wọn sókè tó bá ń ka ìwé ìròyìn, a ó sì dákẹ́. Moses Akatugba, ọmọ ìpínlẹ̀ Delta, kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí wọ́n mú un ní 2005. Wọ́n dájọ́ ikú fún un ní 2013. Ènìyàn tó lé ní 800,000 ló kọ̀wé nítorí rẹ̀ nípasẹ̀ Amnesty International, gómìnà sì dárí jì í ní oṣù karùn-ún 2015.

Nínú máàkì márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún wọn. Ohun tó jẹ́ kí n yọ ọ̀kan ni pé fún oṣù márùn-ún àkọ́kọ́, gbogbo wa ń kọ̀wé sí ẹni olókìkí kan ṣoṣo. Àpò ìwé á kún ọ̀dọ̀ ẹnìkan, ẹni tí kò lórúkọ kò ní rí ẹyọ kan. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ, wọ́n kọ́kọ́ rò pé mo ń wá ìjà. Báyìí, wọ́n ti ń ká ìwé orúkọ sínú igbá, oníkálukú á mú tirẹ̀. Igbá náà, èmi ni mo mú un wá láti ilé.

Inú igbá yẹn ni mo ti mú orúkọ ọkùnrin kan. Èsì rẹ̀ dé lóṣù tó kọjá, ìwé pélébé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Báírò ló fi yà á. Ó ti wo iṣẹ́ mi, ó sì ya tirẹ̀: òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí, ìlà mẹ́ta. Ní ìlà kẹta, níbi tó yẹ kí ṣíbí kan wà, ó ya fèrèsé kékeré kan, irin mẹ́ta lóòró. Ó kọ ìbéèrè kan sísàlẹ̀, ìyá tó ń bá wa túmọ̀ sì kà á fún mi: ibo ni ilé olópòó yìí wà?

Mo bi ìyá náà bí wọ́n ṣe ń pe Ìbàdàn lédè tiwọn, kí n lè kọ ọ́ dáadáa. Ó rò ó díẹ̀. Ó ní Ìbàdàn náà ni.