Wáyà tí mo fi yí ọgbà ewúrẹ́ mi ká n'Ìkẹ́rẹ́, àti bàbá tó wà lókè ilẹ̀ mi

Wáyà chain link, èyí tí wọ́n hun bí àwọ̀n, tí wọ́n fi síǹkì bò kó má tètè dípẹtà ni mo rà. Ihò rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 2, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5. Ṣọ́ọ̀bù kan l'Adó-Èkìtì ni mo ti rà á, mo sì pe wẹ́dà kan pé kó wá bá mi fi yí ilẹ̀ mi ká lẹ́yìn ìlú Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀ ọ̀hún ò tó éékà kan. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ni mo ń sìn síbẹ̀, pẹ̀lú àgùntàn díẹ̀. Owó róòlù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó òbúkọ tó ti gbó dáadáa, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá tú ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní. Owó ìfẹ̀yìntì tíṣà ni mo ná sí i, gbogbo wa la sì mọ bí owó yẹn ṣe ń jáde.

Kì í ṣe olè ló jẹ́ kí n rà á. Bàbá kan ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ sókè ilẹ̀ mi. Láti ìgbà tí mo ti kó ẹran débẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Ìyá Ẹléwúrẹ́, wọn ò sì fi ṣe àpọ́nlé. Mo á kí wọn láàárọ̀ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá." Wọ́n á ní, "Iṣẹ́ wo? Ṣé àwọn ẹran rẹ fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀ fún mi ni?" Wọ́n ti sọ òkò lu abo kan tó lóyún, ó sì ń tiro títí tó fi bímọ. Wọ́n ti dúró lẹ́nu ààlà, wọ́n ń pariwo kí àwọn tó ń kọjá lè gbọ́, pé èèpo iṣu tí àwọn máa fọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹlẹ́ran lọ máa ṣọ́ ẹran rẹ̀ o. Ẹni tó bá ń sin ẹran mọ ohun tí wọ́n ń sọ: èèpo tí wọ́n fi májèlé sí ni.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé òfin dé. Òfin tó ń dènà jíjẹko ẹran, tí Ayodele Fayose tó jẹ́ gómìnà Èkìtì nígbà náà fọwọ́ sí lóṣù kẹjọ ọdún 2016, ni wọ́n ń kà sí mi létí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ti màlúù nìkan ni òfin yẹn, torí ẹ̀yìn ìkọlù tó ṣẹlẹ̀ l'Ókè-Àkó lọ́dún yẹn ló jáde, ọ̀rọ̀ àwọn darandaran ló sì gba gbogbo ẹnu. Ṣùgbọ́n orúkọ òfin náà fúnra rẹ̀ dárúkọ màlúù àti àwọn ẹran yòókù tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Ewúrẹ́ ń jẹ àpọ̀jẹ, àgùntàn náà ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹjọ́ dà ọ́ láàmú yóò rí ibi dì mú nínú rẹ̀. Èmi ò fẹ́ jókòó ní kọ́ọ̀tù kí n máa ṣàlàyé pé ewúrẹ́ tèmi kì í ṣe ti darandaran. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má tún rí ẹran mi níta.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n ò so wọ́n. Mo so wọ́n. Ewúrẹ́ tí a bá so mọ́gi á yí igi náà ká títí okùn á fi tán, òjò á bá a níbẹ̀, ajá á bá a níbẹ̀. Oyún oṣù márùn-ún tó ń gbé kiri lè wálẹ̀ lójú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Okùn wúlò fún ẹran tí wọ́n fẹ́ pa lọ́la.

Ọ̀rọ̀ wáyà gan-an ló kù. Nọ́ńbà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó bèèrè owó. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni wáyà ń tín-ín-rín sí i, òdìkejì ohun tí èèyàn máa ń rò. Ọmọ tó ń tajà kọ́kọ́ gbé nọ́ńbà 16 jáde fún mi, ó ní, "Mọ̀mí, èyí ló lágbára jù, nọ́ńbà ẹ̀ ló ga jù." Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀. Mo ní kó bá mi gbé 12. Ó wo ojú mi, ó wọlé lọ, ó gbé e jáde, iye tó kọ́kọ́ pè sì yàtọ̀ sí iye tó wá gbà. Mi ò bá a jà. Wáyà tó gbé jáde lẹ́yìn ìyẹn ṣì wà lórí ìdúró di òní.

Kí wáyà le ṣe pàtàkì nítorí bí ewúrẹ́ ṣe ń bá ọgbà jà. Kì í fò ó tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ, ó ń gùn ún. Mo ní abo kan tí mo ń pè ní Ìyálọ́jà. Yóò nàró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, yóò gbé ti iwájú lé wáyà, yóò wá fi gbogbo ara rọ́ ọ síwájú, kí ètè rẹ̀ lè dé ewé tó wà lódìkejì. Àwọn yòókù á wò ó, àwọn náà á nàró. Lójojúmọ́. Wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á tẹ̀ láàárín òpó méjì, á di ibùsùn, lẹ́yìn náà wọ́n á kàn gbà á kọjá ni. Tèmi ti tẹ̀ díẹ̀ níbi kan ṣoṣo, níbi tí Ìyálọ́jà ti ń fi ìhà họ ara, mo sì fi wáyà ìdè fún un padà fúnra mi pẹ̀lú pílíásì.

Ní ti ihò, íǹṣì 2 ni kẹ́ ẹ dúró lé. Orí ọmọ ewúrẹ́ tuntun ò lè bọ́ síbẹ̀. Wáyà kan wà tí ihò rẹ̀ gbòòrò, onígun mẹ́rin, owó rẹ̀ kéré. Ẹran oníwo á ki orí bọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìwo á wá há a nígbà tó bá fẹ́ fà á padà, á sì dúró níbẹ̀ máa ké. Bí ẹ bá wà lóko nígbà náà, ó dáa. Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, tí aládùúgbò yín sì jẹ́ irú tèmi, ẹ ti gbé ẹran yín fún un nìyẹn.

Mo fún wáyà ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ibi tí wẹ́dà ti jó o pọ̀ mọ́ irin géètì ni mo fi yọ ọ̀kan: iná ti jẹ síǹkì tó bò ó, ìpẹtà sì ti mú níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀dà kun gbogbo ojú ibi tí wọ́n bá jó, kí wọ́n tó kúrò lóko o, kì í ṣe "màá padà wá kùn ún."

Iṣẹ́ ìdúró rẹ̀ ló dùn mí. Ẹni tó bá mọ òkè Olósùnta àti òkè Òrólé mọ̀ pé orí àpáta nìlú wa jókòó lé. Òpó oníkọnkéré ni wẹ́dà náà lò, àdéhùn wa sì ni pé yóò gbẹ́ ihò òpó kọ̀ọ̀kan jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Nísàlẹ̀ ilẹ̀, dígà ń wọlé. Lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá gan-an, dígà kàn ń dún gbà lórí òkúta ni. Kí ló ṣe? Ó gbé òpó lé orí òkúta, ó da sìmẹ́ǹtì yí ìdí rẹ̀ ká, ó rọra fi erùpẹ̀ bò ó bíi ebè iṣu. Mo fi ọwọ́ kan ti òpó náà, ó mì. Ó ní, "Mọ̀mí, sìmẹ́ǹtì ò tíì gbẹ ni." Nígbà tí òjò oṣù kẹsàn-án dé, òpó igun ti dorí kodò sí oko bàbá, ó sì fa wáyà dání. Ẹ lè fojú inú wo irú òwúrọ̀ tí mo jí bá.

Ó tún un ṣe. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó padà wá, lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ "mò ń bọ̀ lọ́la." Ó lu ihò sínú òkúta fúnra rẹ̀, ó ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́, ó da sìmẹ́ǹtì tó ki sínú ihò náà, ó wá gbé òpó ró lórí irin yẹn. Ó tún fi igi irin dábùú ti òpó igun lẹ́yìn, torí òpó igun ni gbogbo wáyà ń fà, kò sì yẹ kó dá dúró. Ìgbà tó ṣe é báyìí, kò mì mọ́. Ó mọ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ohun kejì tí kò ṣe ni ìsàlẹ̀ wáyà. Ilẹ̀ wa ò tẹ́jú, wáyà sì tẹ́jú. Níbikíbi tí àgbàrá bá ti gbẹ́ ilẹ̀, àlàfo ń bẹ lábẹ́ wáyà. Ìyá ewúrẹ́ ò lè gbabẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí á fi ikùn wọ́lẹ̀ kọjá, ìyá rẹ̀ á wá dúró nínú máa ké bí ẹni tí wọ́n jí lọ́mọ gbé. Àkọ́kọ́ tó kọjá, bàbá gbé e wá fún mi ní ẹsẹ̀ kan, orí nísàlẹ̀. Wọ́n jù ú sórí wáyà sínú ọgbà mi, wọ́n ní, "Èyí náà lo fi owó rà?" Mo ní kí wẹ́dà wá fi wáyà líle kan gba gbogbo ìsàlẹ̀ já, kó fi irin kàn án mọ́lẹ̀. Ó béèrè owó mìíràn. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀: wáyà òkè, wáyà ìsàlẹ̀, àtìlẹ́yìn òpó igun, ọ̀dà ojú ibi tí wọ́n jó. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, ẹ ó tún owó rẹ̀ san. Ìràwọ̀ méjì fún wẹ́dà.

Ó ku ọ̀rọ̀ pèrègún, tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀. Pèrègún ni wọ́n fi pa ààlà èmi àti bàbá, láti ayé àwọn tó ta ilẹ̀ fún mi. Wẹ́dà rí i pé ó tò lọ gbọnrangandan, inú rẹ̀ dùn, ó ní ká so wáyà mọ́ ọn, kí òpó lè dín. Bàbá ti jókòó sórí ebè kan láti àárọ̀, àdá lórí itan wọn, wọ́n ń wo wa. Mo ní kí wẹ́dà fi pèrègún sílẹ̀, kó wọnú ilẹ̀ mi wá ní ìṣísẹ̀ kan kó tó gbẹ́ ihò. Ó ní mò ń fi ilẹ̀ ṣòfò. Èmi mọ̀ pé ẹni tó bá so nǹkan mọ́ igi ààlà ti dá ẹjọ́ ilẹ̀ sílẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀ sì burú ju ẹjọ́ ewúrẹ́ lọ. Mo ti pe olórí àdúgbò wá kí dígà tó kanlẹ̀, wọ́n rin ààlà náà lójú àwa méjèèjì, mo sì fi fóònù ya àwòrán pèrègún àti ihò àkọ́kọ́. Bàbá ò rí nǹkan kan wí ju pé, "Bí òjìji wáyà ẹ bá pa iṣu mi, o ó gbọ́." Mo ní, "Ẹ ṣeun, bàbá."

Ìṣísẹ̀ kan tí mo fi sílẹ̀ yẹn, mo gbin lápálápá sí i. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, á hù. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, nítorí náà kò sí ohun tí Ìyálọ́jà ń nàró sí lápá ibẹ̀ mọ́. Ẹ ṣọ́ra fún ọmọdé o, èso rẹ̀ ní oró. Ó ti ga ju wáyà lọ báyìí, bàbá ò sì rí inú ọgbà mi mọ́. Mo gbà pé ojú wọn tí kò rí ẹran ti dín ìbínú kù ju wáyà lọ. Bí mo bá fẹ́ kí àgùntàn àti ewúrẹ́ jẹ lára ọgbà ni, àgúnmánìyè ni mi ò bá gbìn, ewé rẹ̀ dára fún ẹran, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ohun tí yóò máa pè wọ́n sápá yẹn.

Ṣé wáyà parí ìjà? Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá fi ìbínú lọ bá olórí àdúgbò pé ẹran mi ti jẹ ewé ẹ̀gẹ́ wọn mọ́lẹ̀. Wọ́n jọ wá. Olórí àdúgbò rìn yí wáyà ká láti géètì títí dé òpó igun, wọ́n tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí àgbàrá ń gbà. Kò sí ojú ihò kan. Wọ́n ní kí bàbá mú wọn lọ wo ẹ̀gẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá ewúrẹ́ funfun kan tó ṣì ń jẹun, funfun báláú, nígbà tí tèmi jẹ́ dúdú àti aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹran ẹnì kan láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà ni. Bàbá ò tọrọ àforíjì, èmi náà ò retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, wọn ò lè ka òfin 2016 sí mi létí mọ́.

Ó ku òórùn òbúkọ àti igbe òru, wáyà ò sì lè ṣe nǹkan kan sí méjèèjì. Òbúkọ tí akọ rẹ̀ bá gbóná, òórùn rẹ̀ á fò kọjá ẹsẹ̀ bàtà 5 láìgba àyè. Mo ti kó ilé òbúkọ lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀, mo ń da lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́mìlì sí i, mo sì ń kó o kúrò kó tó tutù. Bàbá ṣì ń fi aṣọ bo imú nígbà tí wọ́n bá ń kọjá, kódà nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ sápá ibòmíràn.

Mo ti ra róòlù sí i fún ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tó kù, lọ́dọ̀ ọmọ kan náà l'Adó, nọ́ńbà 12. Wẹ́dà mìíràn ni yóò bá mi ta á.