TEOS àbí sílíkéètì inú kẹ́ẹ̀gì: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹ fẹ́ ṣe sílíkà (irú ohun tó wà nínú iyanrìn) tó ní ihò ńlá tí omi á máa gbà kọjá, tó sì tún ní ihò wẹ́wẹ́ tó ń mú nǹkan dání. Ṣé TEOS (tetraethyl orthosilicate, kẹ́míkà olómi tó ń di sílíkà bó bá pàdé omi) ni kí ẹ rà, àbí sílíkéètì olómi táwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò? Mo ti lo méjèèjì. TEOS ló wà nílé mi báyìí.

Ní ti owó, sílíkéètì ò wọ́n, kò sì sí ìjà níbẹ̀. TEOS wọ́n, bẹ́ẹ̀ 100 gíráàmù rẹ̀ ò fi sílíkà tó 29 gíráàmù sílẹ̀. Sílíkéètì wà lọ́jà kẹ́míkà Ọjọ́ta. TEOS, wọ́n á bá yín kó o wọlé ni, ẹ óò sì dúró dè é. Ẹni tó bá ní kí ẹ ra TMOS, ìbátan TEOS, torí pé ó yára, ẹ má dá a lóhùn: atẹ́gùn rẹ̀ lè fọ́ni lójú.

Ìwọ̀n sódà inú sílíkéètì ló jẹ mí lówó. Nínú ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ Nakanishi àti Soga gbé jáde ní Kyoto, ní Japan, lọ́dún 1991, ẹ óò po sílíkà pọ̀ mọ́ pólímà (kẹ́míkà tí èérún rẹ̀ gùn bí okùn) àti ásíìdì. Bí sílíkà ṣe ń dàgbà, àpòpọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí méjì. Ó gbọ́dọ̀ dì lásìkò yẹn gan-an. Bó bá tètè dì, kò ní sí ihò ńlá. Bó bá pẹ́, sílíkà á ṣù jọ, á sì rọ̀ sísàlẹ̀.

Sílíkéètì kan lè ní sílíkà ìlọ́po méjì sódà rẹ̀, òmíràn lé ní ìlọ́po mẹ́ta, sódà yìí ló sì ń yí àsìkò tí àpòpọ̀ náà máa dì padà. Kò ká ọlọ́ṣẹ lára. Kẹ́ẹ̀gì kan dì bí ẹ̀kọ nígbà tí igi ìrò ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, látọ̀dọ̀ ẹni kan náà, ṣì ń ṣàn lọ́jọ́ kejì. Mo pe ẹni tó tà á. “Sílíkéètì ni sílíkéètì,” ló fi dá mi lóhùn. Ásíìdì àti pólímà tí mo ti dà sí i ńkọ́?

Sódà yẹn náà ni ẹ óò fọ̀ títí kúrò lára sílíkà náà kí ẹ tó gbé e wọ iná. Bó bá ṣẹ́ kù, ihò wẹ́wẹ́ á dí.

TEOS ní wàhálà tiẹ̀. Á máa léfòó lórí omi ásíìdì, ẹ óò sì máa rò ó títí tó fi máa mọ́ kedere. Ẹ dé ìgò rẹ̀ pinpin, torí ọ̀rinrin ń bà á jẹ́.

Ẹni tó ń ṣe é ní tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù, tó sì lè wọn sódà kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, sílíkéètì tọ́ sí i. Ẹni tó fẹ́ kí iṣẹ́ ọ̀la jọ tòní, kó ra TEOS, bó tilẹ̀ jẹ́ ìgò kékeré. Bó bá sì jẹ́ kẹ́ẹ̀gì lọkàn yín ṣì ń fà sí, ẹ gba ìwé tó sọ ìwọ̀n sódà rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.