Kẹ̀kẹ́ Peugeot tọ́kunbọ̀ lórí òkè Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀: férémù rẹ̀ dára, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún

Nínú gbogbo kẹ̀kẹ́ ológeere tọ́kunbọ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, Peugeot ìgbà 1970 sí 1985 tí hándù rẹ̀ tẹ̀ bí ìwo àgbò ló bá ọ̀nà wa mu jù. Òun náà ló sì lè gbọ́n owó lápò ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò kó tó rà á. Kì í ṣe pé irin rẹ̀ kò lágbára. Àwọn ohun tí wọ́n fi dè é pọ̀, pàápàá tírẹ́ẹ̀dì wọn, ìyẹn ìlà tó yí po lára ohun tí wọ́n ń yí dè, ni kò bá ti ọjà wa dọ́gba.

Ilé iṣẹ́ Peugeot ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ láti 1882, tiwọn ni Bernard Thévenet sì gùn nígbà tó gba ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France ní 1975 àti 1977. Irú ti Thévenet kọ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ wa o. Ti ará ìlú ló ń dé, èyí tí èèyàn lè gùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ní agbègbè bíi Dordogne nílẹ̀ Faransé. Níbẹ̀, òkè kékeré ń tẹ̀lé òkè kékeré, àwọn ilé olódi ayé àtijọ́ wà káàkiri, ihò Lascaux tí wọ́n rí àwòrán ìgbà láéláé nínú rẹ̀ ní 1940 sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Kàbà sí Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, Mópà, Ìsánlú títí wọ Ẹ̀gbẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kogí á rí i pé irú ilẹ̀ kan náà ni: kò sí òkè tí èèyàn á fi odindi ọjọ́ gùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í tẹ́ pẹrẹsẹ pẹ́. Férémù yìí gùn, wíìlì ẹ̀yìn rẹ̀ kò sún mọ́ abẹ́ ẹni tó ń gùn ún jù, nítorí náà kòtò kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá a nídìí. Àyè tó wà láàárín férémù àti táyà tún fẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn, ó gba táyà mìlímítà 32.

Ní ti jíà, èyí tó wọ́pọ̀ ni eyín 52 àti 40 níwájú, 14 sí 28 lẹ́yìn. Tí ẹ bá lo 40 pẹ̀lú 28, bí ẹsẹ̀ bá yí po lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ á lọ bíi mítà mẹ́ta. Ìyẹn tó fún ọ̀dọ́ tí kò gbé ẹrù. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, tàbí tó gbé báàgì lẹ́yìn, á nílò eyín 32 tàbí 34 lẹ́yìn. Ìyẹn á sì mú kó pààrọ̀ ohun tó ń ti ṣéènì láti eyín kan sí èkejì, nítorí apá ti àtilẹ̀wá kúrú. Kò sì sí àdánù níbẹ̀: oníke ni ti iléeṣẹ́ Simplex tí wọ́n fi sí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ike náà sì ti gbó débi tó fi lè sán nígbàkigbà. Ti Japan lẹ̀ ń wá.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ síbi tí wàhálà wà.

Ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ tòsì ń yí nínú férémù láàárín kọ́ọ̀bù méjì, ìyẹn àwo irin kékeré tí bọ́ọ̀lù ń yí nínú rẹ̀. Lára Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn lọ oko, kọ́ọ̀bù ọ̀tún ń dè sí òdì, ẹ óò yí i sósì kó tó le. Faransé ò ṣe é bẹ́ẹ̀. Tiwọn fẹ̀ ní mìlímítà 35, ọ̀tún ni méjèèjì sì ń dè sí lára ọ̀pọ̀ wọn. Nítorí èyí, bí ẹ ṣe ń fi agbára tẹ pẹ́dà lórí òkè, kọ́ọ̀bù ọ̀tún á máa tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ “kọ̀” lẹ́ẹ̀kan nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, jíà iwájú á máa mì sọ́tùn-ún sósì, ṣéènì á sì máa ha irin. Ẹni tó bá ṣì ń gùn ún lọ lẹ́yìn èyí, bọ́ọ̀lù á jẹ ojú kọ́ọ̀bù tán.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ tú u, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ to bọ́ọ̀lù 11 tó jẹ́ ìdá mẹ́rin íǹṣì sínú gírísì tuntun ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi gọ́ọ̀mù tí mẹkáníìkì ọkọ̀ fi ń de nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì pa tírẹ́ẹ̀dì kọ́ọ̀bù ọ̀tún, kí ẹ sì fi sípánà gígùn dè é pa. Ẹ́ẹ̀kan lọ́dún ló yẹ kí ẹ ṣe èyí, lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá kọjá, torí eruku pupa wa kì í ṣojú àánú. Bọ́ọ̀lù ìdá mẹ́rin íǹṣì náà ló wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà ni kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé “á wọlé, ẹ fi sílẹ̀ fún mi.” Kọ́ọ̀bù òsì ti Gẹ̀ẹ́sì á wọlé díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wíwọ́ ni yóò wọlé, á sì jẹ tírẹ́ẹ̀dì inú férémù. Tìyẹn bá ti bàjẹ́, kẹ̀kẹ́ ti di irin àlòkù. Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀bù Faransé ni wọ́n kọ 35 x 1 sí lójú, ẹ nù ún kẹ́ ẹ kà á. Tó bá jẹ́ 1.37 x 24 lẹ rí, bí ó ti wọ́pọ̀ lára àwọn tó jáde lẹ́yìn àárín àwọn ọdún 1980, ti Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ẹ rà á láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Fíríwíìlì, ìyẹn ìdìpọ̀ eyín ẹ̀yìn, náà ní ti ẹ̀. Ti Faransé jẹ́ mìlímítà 34.7, ti Gẹ̀ẹ́sì 34.8. Ojú ò lè rí ìyàtọ̀ yẹn, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n: bí ti Gẹ̀ẹ́sì bá yí díẹ̀ lórí họ́ọ̀bù tó sì há, ẹ dáwọ́ dúró. Alumíníọ̀mù ni ọ̀pọ̀ họ́ọ̀bù yẹn, ṣéènì náà ni yóò sì fi agbára ẹsẹ̀ yín ká tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò. Ó sàn kí ẹ wá odindi wíìlì ẹ̀yìn tó ní tírẹ́ẹ̀dì Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ kọ́kọ́ wọn àyè ẹ̀yìn férémù. Ó lè jẹ́ mìlímítà 120 tàbí 126.

Píìnì tó de apá ẹsẹ̀ mọ́ ọ̀pá jẹ́ mìlímítà 9, ti Raleigh jẹ́ 9.5. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òòlù gbá 9.5 wọlé, ojú kọ́ọ̀bù ni òòlù yẹn ń bà jẹ́ láì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní dírílì tó dúró ṣinṣin fẹ ihò náà. Pẹ́dà Gẹ̀ẹ́sì kì í wọ apá ẹsẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ẹ́ńjìnnì tó ní irin ìgétírẹ́ẹ̀dì 9/16 lè tún un gé ní kíá. Irin ọrùn hándù jẹ́ 22.0 dípò 22.2, sáńdípépà tó fún un.

Ní ti táyà, ẹ ka nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má tẹ̀lé ohun tí òǹtajà pè é. 622 ni 700C, 630 ni 27, èyí tó pọ̀ lọ́jà wa fún kẹ̀kẹ́ ńlá, 28 x 1½, sì jẹ́ 635. Kò sí ìkankan nínú wọn tó lè rọ́pò èkejì. Ẹ ò sì lè bọ́ rímù Raleigh àtijọ́ sí họ́ọ̀bù Faransé: ti Raleigh ní ihò sípóòkì 32 níwájú àti 40 lẹ́yìn, ti Faransé jẹ́ 36 níwájú lẹ́yìn.

Táyà 25 kò yẹ ọ̀nà yìí. Bí kòtò bá ti gbá a, etí rímù á gé túùbù ní ihò méjì tó dojú kọra. Ẹ lo 32. Ẹni tó bá wọn kílò 75 lè fún tẹ̀yìn ní 65 PSI, kó fún tiwájú ní 55. Fọkanáísà ò ní lè fún un bí fáàfù rẹ̀ bá jẹ́ tín-ínrín ti Faransé, àfi bí ẹ bá ní ìdérí bàbà kékeré tó ń sọ ọ́ di ti mọ́tò. Pẹ̀lú rẹ̀ náà, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ wọn yára jù fún túùbù kékeré. Ẹ gbé pọ́ńpù ọwọ́ tiyín dání.

Bíréèkì ni mi ò ní fi ṣeré rárá. Rímù onírin dídán ló wà lára àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tí kò wọ́n. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń dúró. Tí òjò bá ti rẹ ẹ́, rọ́bà á máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni, kẹ̀kẹ́ á sì máa sáré lọ nísàlẹ̀ òkè. Bí ẹ bá máa gùn ún láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹwàá, rímù alumíníọ̀mù ni kí owó yín kọ́kọ́ lọ sí, kó tó kan ìjókòó àti ọ̀dà.

Ilẹ̀ Faransé kò jẹ́ kí èèyàn gbé omi púpọ̀: abúlé kò jìnnà síra, omi ẹ̀rọ sì máa ń wà ní ibi ìsìnkú wọn pàápàá. Ọ̀pọ̀ férémù yìí ló ní àyè ìgò kan ṣoṣo tàbí kó má ní rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ fi kílípù de ìgò méjì mọ́ ọn kí ẹ tó kúrò ní Kàbà.

Ní ti ibi tí ẹ lè gùn ún lọ, ààfin Ọbáro, ọba ìlú, wà ní Kàbà. Ògìdì nínú Ìjùmú ní òkè tó ní ìtàn ogun Núpé, àti àwọn ahunṣọ. Ẹ̀gbẹ̀ ni Tommy Titcombe tó jẹ́ míṣọ́nárì dé ní 1908, ilé ìwòsàn tó wà níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Kẹ̀kẹ́ yìí kò ní irin ìdúró, ẹ wá ògiri tàbí igi tí ẹ ó fi í tì, kí ẹ sì ní ṣéènì àti kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀nà Obájánà wọ Kàbà ni mi ò ní gbà yín níyànjú láti gbà. Tírélà símẹ́ńtì kì í yà fún kẹ̀kẹ́. Níbi tó kù náà, ẹ bi àwọn awakọ̀ ní gáréèjì àti àwọn ọlọ́dẹ bí ọ̀nà ṣe rí lọ́jọ́ yẹn, ẹ má dá nìkan gbéra, kí ẹ sì ti wọlé kí oòrùn tó wọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń ná an, ẹ di apá ẹsẹ̀ méjèèjì mú kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Tó bá mì, ẹ ní kí òǹtajà tú u lójú yín. Bí kọ́ọ̀bù bá ti jẹ, ẹ yọ iye kọ́ọ̀bù Faransé kúrò nínú owó rẹ̀, torí láti òkèèrè lẹ ó ti ránṣẹ́ rà á. Tí kò bá gbà kí ẹ tú u, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.